Fóltì, Áńpíà, Óòmù àti Wáàtì: Ìṣirò Iná fún Onílé àti Oníṣọ́ọ̀bù ní Kòsọ́fẹ́

Lẹ́yìn fíríísà, lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, ní ìdí kẹ́tùlù àti lára ẹ̀rọ ìlọta, àwọn tí ó ṣe nǹkan wọ̀nyí máa ń lẹ ìwé kékeré kan tàbí irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn, tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà V, A tàbí W. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ra irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní Kétu, ní Ìkòsí àti ní Mile 12 kì í wo ìwé náà rárá. Àwọ̀ ni wọ́n ń wò, iye owó ni wọ́n sì ń ná. Bẹ́ẹ̀ ìwé kékeré yìí ni ó ń sọ bóyá wáyà tí ó wà nínú ilé yóò lè gba ẹrù ẹ̀rọ náà, iye owó iná tí ẹ̀rọ náà yóò máa jẹ lójoojúmọ́, àti bóyá ó lè dá iná sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ìsọdipúpọ̀ àti pínpín, irú èyí tí a fi ń kọ́ ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lè ka ohun tí a kọ síbẹ̀, kí ó sì fi í wá èyí tí a kò kọ.

Iná mànàmáná kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Èkó. Ọdún 1896 ni a kọ́kọ́ tan án ní ìlú Èkó. Ní 1950 a fi òfin dá àjọ Electricity Corporation of Nigeria sílẹ̀. Ní 1972 ó di NEPA, ní 2005 ó di PHCN, nígbà tí ó sì di November 2013, a pín iṣẹ́ náà fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni. Ikeja Electric ni ó ń pín iná fún àwọn ará Kòsọ́fẹ́. Orúkọ ti yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta (bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ ń pè é ní NEPA síbẹ̀), ṣùgbọ́n òfin tí iná ń tẹ̀lé nínú wáyà kò yí padà rí.

Nǹkan mẹ́rin ni ó wà nínú ẹ̀kọ́ yìí. Kí òǹkàwé fojú inú wo ilé kan ní Ìkòsí tí a gbé táǹkì omi rẹ̀ ka orí òpó irin gogoro. Bí táǹkì náà bá ti ga tó ni omi yóò ṣe ní ipá tó láti ti ara rẹ̀ jáde ní ẹnu ẹ̀rọ. Ipá títì yìí ni a lè fi wé fóltì. Ìwọ̀n omi tí ń kọjá nínú páìpù ni a lè fi wé áńpíà, èyíinì ni ìṣàn iná nínú wáyà. Bí páìpù bá tín-ín-rín tí ó sì gùn, omi kò ní ṣàn dáadáa bí táǹkì tilẹ̀ ga. Ìdènà inú páìpù yẹn ni a lè fi wé óòmù. Ẹ̀kẹrin ni wáàtì, tí ó jẹ́ ìwọ̀n bí iná ti ń yára ṣiṣẹ́ tó, ìbáà ṣe iṣẹ́ ooru, ti ìmọ́lẹ̀ tàbí ti yíyí ẹ̀rọ. Àkàwé omi yìí kò pé délẹ̀délẹ̀, nítorí pé bí páìpù bá bẹ́, omi a máa dà sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí wáyà bá já, ṣe ni ìṣàn iná yóò dúró. Síbẹ̀ ó tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó fi hàn gbangba bí fóltì, áńpíà àti ìdènà ti so mọ́ ara wọn ni Georg Simon Ohm, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tí a bí ní 1789. Alágbẹ̀dẹ tí ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ni bàbá rẹ̀. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni Ohm fúnra rẹ̀ ní ìlú Cologne nígbà tí ó ń fi wáyà gígùn àti kúkúrú dán ọ̀rọ̀ náà wò, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1827. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ rẹ̀ kò ka iṣẹ́ náà sí. Ó di ọdún 1841 kí Royal Society ti Lọ́ńdọ̀nù tó fi àmì ẹ̀yẹ Copley dá a lọ́lá. Orúkọ rẹ̀ ni ó di óòmù. Ti Volta ará Ítálì ni ó di fóltì, ti Ampère ará Faransé ni ó di áńpíà, ti James Watt ará Scotland sì ni ó di wáàtì.

Òfin méjì péré ni a ó lò. Èkíní ni pé fóltì jẹ́ áńpíà lọ́nà óòmù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mọ fóltì àti áńpíà, tí ó ń wá ìdènà, yóò fi áńpíà pín fóltì. Èkejì ni pé wáàtì jẹ́ fóltì lọ́nà áńpíà. Ẹni tí ó bá mọ wáàtì, tí ó ń wá áńpíà, yóò fi fóltì pín wáàtì. Kò sí ohun mìíràn láti há sórí.

Kí a mú áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ kan tí a kọ 1,000 W sí lára. Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, fóltì tí ó yẹ kí ó máa wọ ilé jẹ́ 230. Bí a bá fi 230 pín 1,000, èsì rẹ̀ jẹ́ 4.35. Èyíinì ni pé áńpíà 4.35 ni yóò máa ṣàn nínú wáyà áyọ́ọ̀nù náà nígbà tí ó bá ń gbóná. Ẹ̀wẹ̀, bí a bá fi 4.35 pín 230, a ó rí 52.9. Óòmù 52.9 ni ìdènà wáyà onígbígbóná tí ó wà nínú áyọ́ọ̀nù náà. Nọ́ńbà méjì ni a kọ sí lára ẹ̀rọ náà. Ìṣirò sì ti fún wa ní méjì tí ó kù.

Ìwúlò èyí hàn nígbà tí iná bá wá ní ìlàjì agbára, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rí ní ọ̀pọ̀ òpópónà ní alẹ́, nígbà tí ilé púpọ̀ bá fà mọ́ tirańsífọ́mà kan ṣoṣo. Kí a sọ pé fóltì já láti 230 sí 160. Ìdènà áyọ́ọ̀nù kò yí padà púpọ̀. Ó ṣì wà ní 52.9. Bí a bá fi 52.9 pín 160, áńpíà di 3.02. Bí a bá wá sọ 160 di ọ̀nà 3.02, wáàtì tí a rí kò ju 484 lọ. Kí òǹkàwé ṣàkíyèsí èyí dáadáa. Nínú fóltì 100, nǹkan bí 30 ni ó sọnù, ṣùgbọ́n agbára áyọ́ọ̀nù ti dín ju ìdajì lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé fóltì tí ó dín ń dín áńpíà kù pẹ̀lú ara rẹ̀, àwọn méjèèjì ni ó sì para pọ̀ di wáàtì. Ìdí nìyí tí alágbàfọ̀ kan fi lè lo gbogbo alẹ́ lórí aṣọ tí ì bá lọ̀ tán ní wákàtí méjì. Mítà iná rẹ̀ kò rẹ́ ẹ jẹ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, nítorí pé wáàtì tí ó wọlé ni ó kà. Ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù tí ó ń gbóná díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ń da ooru púpọ̀ sí afẹ́fẹ́ kí aṣọ tó nà, owó ooru náà sì ń lọ.

Ọ̀rọ̀ fíríísà yàtọ̀, ó sì léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin tí ń ta ẹja yinyin ní Mile 12 àti àwọn tí ń ta omi tútù ní Kétu mọ èyí dáadáa, nítorí pé àpò wọn ni ó ti ń jáde. Nínú fíríísà, ẹ̀rọ kan wà tí ń yí. Nígbà tí ó bá fẹ́ gbéra, ó máa ń fa áńpíà tí ó pọ̀ ní ìlọ́po mélòó kan ju èyí tí yóò máa fà lẹ́yìn tí ó bá ti ń yí lọ. Bí fóltì bá kéré jù, ẹ̀rọ náà kò ní lágbára láti gbéra. Yóò dúró síbi kan, yóò máa kùn, áńpíà púpọ̀ yóò sì máa gba inú wáyà rẹ̀ kọjá láìṣiṣẹ́ kankan. Gbogbo agbára yẹn yóò di ooru, ọ̀dà tí a fi bo wáyà inú rẹ̀ yóò sì jó. Nítorí náà, fóltì kékeré tí kì í pa áyọ́ọ̀nù lára lè pa fíríísà. Ẹni tí ó bá gbọ́ kí fíríísà máa kùn tí kò gbéra, kí ó yára yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ó má dúró wò ó.

Lára irú ẹ̀rọ tí ń yí bẹ́ẹ̀, òǹkàwé lè rí i pé a kọ 230 V, 1.2 A àti 200 W. Bí ó bá sọ 230 di ọ̀nà 1.2, yóò rí 276, yóò sì rò pé ẹni tí ó kọ ọ́ ṣi ìṣirò. Kò ṣì í. Nínú ẹ̀rọ tí ń yí, apá kan nínú áńpíà máa ń lọ, ó sì máa ń bọ̀ láìṣe iṣẹ́, nítorí pé iná tí ń wọ ilé kì í ṣàn sí apá kan bí ti bátìrì; ó ń lọ, ó sì ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wáyà gbọ́dọ̀ gbé gbogbo 1.2 áńpíà náà, ṣùgbọ́n wáàtì 200 ni mítà yóò kà. Nítorí èyí ni a ṣe ń kọ kVA sí ara jẹnẹrétọ̀ dípò wáàtì. Ẹni tí ó ra jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA kò gbọdọ̀ rò pé òun ra wáàtì 2,500. 2,000 ni ó bọ́gbọ́n mu kí ó fi sọ́kàn.

Ibi tí ìṣirò yìí ti ń gba ẹ̀mí là ni ọ̀rọ̀ wáyà. Wáyà fúnra rẹ̀ ní ìdènà. Ẹni tí ó bá ti gba àárín ọjà Mile 12 kọjá ní òwúrọ̀, nígbà tí a ń já tòmátò àti ata sílẹ̀ lórí ọkọ̀, mọ bí ó ti ń rí nígbà tí àwọn alábàárù bá pọ̀ ní ojú ọ̀nà tóóró. Ara ń fi ara, ooru sì ń mú. Bí ojú ọ̀nà bá fẹ̀, iye ènìyàn kan náà yóò kọjá wẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iná ń ṣe nínú wáyà. Wáyà tín-ín-rín ní ìdènà púpọ̀, wáyà gbọọrọ náà ní ìdènà púpọ̀, ìdènà sì ń sọ iná di ooru.

Wáyà bàbà tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní 1 mm ní ìdènà tí ó tó 0.0172 óòmù ní gígùn mítà kan. Kí a sọ pé oníṣọ́ọ̀bù kan fa irú wáyà yìí láti inú ilé dé ṣọ́ọ̀bù onípákó tí ó jìnnà tó mítà 25. Iná gbọ́dọ̀ lọ, kí ó sì padà, nítorí náà gígùn tí ó gbà kọjá jẹ́ mítà 50. 0.0172 lọ́nà 50 jẹ́ 0.86 óòmù. Bí ó bá ń lo áńpíà 10, fóltì tí wáyà yóò gbé mì jẹ́ 8.6, ooru tí yóò sì máa jáde lára wáyà náà jẹ́ 8.6 lọ́nà 10, èyíinì ni wáàtì 86. Lórí wáyà tí ó nà gbọọrọ, èyí kò burú púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí oníṣọ́ọ̀bù náà ra kẹ́tùlù àti sítóòfù iná mọ́ ọn, kí áńpíà di 20. Fóltì tí ó sọnù di 17.2, ooru sì di 17.2 lọ́nà 20, èyíinì ni 344. Áńpíà di ìlọ́po méjì, ooru di ìlọ́po mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ èyí. Wọ́n rò pé bí wáyà bá gba ẹrù kan láìgbóná, yóò gba ẹrù méjì kí ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Bí a bá wá ká wáyà ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n náà jọ bí òṣùká, tàbí tí a tẹ́ ẹ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ooru kò ní rí ibi jáde. Rọ́bà rẹ̀ yóò rọ̀, yóò yọ́, wáyà méjèèjì yóò sì fẹnu kan ara wọn.

Ewu tí ó tún burú ju èyí lọ kò ju èso àgbàdo kan lọ ní títóbi. Ó wọ́pọ̀ kí ènìyàn fi ọwọ́ lọ́ wáyà méjì pọ̀, kí ó sì fi téèpù dì í. Bí ibi tí a so náà kò bá fún, ìdènà rẹ̀ lè di ìdajì óòmù. Ìdajì óòmù dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí áńpíà 10 bá ń gba ibẹ̀ kọjá, fóltì 5 ni yóò sọnù níbẹ̀, 5 lọ́nà 10 sì jẹ́ wáàtì 50. Irin gbígbóná tí àwọn atúnrédíòṣe fi ń yọ́ òjé kì í sábà ju wáàtì 25 sí 60 lọ. Nítorí náà, oníṣọ́ọ̀bù tí ó so wáyà rẹ̀ láìfún ti fi irin ìyọ́jé kan tì í sí ara pákó tàbí páálí rẹ̀, ó sì ń sùn. Fíúsì kò lè gbà á sílẹ̀, nítorí pé áńpíà 10 kò tó èyí tí yóò já fíúsì 13. Ibi tí ó bá ń rùn bíi rọ́bà tí ń jó, tàbí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó ti pọ́n bíi kọfí, ibẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ pa.

Ọ̀rọ̀ fíúsì tún kù. Fíúsì inú púlọ́ọ̀gì onígun mẹ́rin tí a ń lò jẹ́ áńpíà 13 ní èyí tí ó pọ̀ jù. 230 lọ́nà 13 jẹ́ 2,990. Ó túmọ̀ sí pé gbogbo ẹ̀rọ tí a ti bọ ara ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kan kò gbọdọ̀ ju wáàtì 2,990 lọ lápapọ̀, iye ihò yòówù kí ó wà lórí rẹ̀. Ihò mẹ́fà kò sọ áńpíà 13 di 78. Nígbà tí fíúsì bá já, àwọn kan máa ń fi wáyà lásán tàbí bébà fàdákà inú páálí sìgá dípò rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ kò tún fíúsì ṣe. Ó sọ gbogbo wáyà inú ilé rẹ̀ di fíúsì.

Ní ti irú wáyà tí ó yẹ, àṣà tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn oníṣẹ́ iná ni láti lo 1.5 mm fún gílóòbù, 2.5 mm fún sọ́kẹ́ẹ̀tì àti 4 mm fún sítóòfù iná tàbí ẹ̀rọ amúlétutù. Kí ẹni tí ń ra wáyà fi ọ̀bẹ họ ojú rẹ̀ kí ó tó sanwó. Bí ó bá pọ́n ní òde tí ó sì funfun nínú, alumíníọ̀mù ni a fi bàbà bò. Ìdènà alumíníọ̀mù tó ìlọ́po kan ààbọ̀ ti bàbà, ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, nítorí náà gbogbo ìṣirò òkè yìí yóò burú sí i.

Òfin kan náà yìí ni ìdí tí a fi ń rí àwọn òpó irin gíga tí wáyà kọjá lórí wọn láti ìhà Ìkòròdú. Ilé-iṣẹ́ iná Egbin, tí a ṣí ní 1985, ní ẹ̀rọ mẹ́fà tí ó lè pèsè mẹgawáàtì 1,320, mẹgawáàtì kan sì jẹ́ mílíọ̀nù wáàtì kan. Bí a bá fẹ́ fi mílíọ̀nù wáàtì kan ṣoṣo ránṣẹ́ ní fóltì 230, áńpíà rẹ̀ yóò lé ní 4,300. Ní fóltì 330,000, tí ó jẹ́ ti òpó ńlá ní Nàìjíríà, áńpíà 3 péré ni. Áńpíà kékeré, ooru kékeré. Lẹ́yìn èyí ni a ó máa rẹ fóltì náà sílẹ̀, sí 132,000, sí 33,000, sí 11,000, títí tirańsífọ́mà àdúgbò yóò fi sọ ọ́ di èyí tí gílóòbù lè gbà.

Nígbà tí òǹkàwé bá ti mọ wáàtì, owó kò ṣòro láti mọ̀. Yúnìtì kan tí mítà ń kà jẹ́ wáàtì 1,000 fún wákàtí kan. Ní April 2024 àjọ NERC gbé owó yúnìtì kan sí ₦225 fún àwọn tí ó wà ní Band A, èyíinì ni àwọn tí a ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún. Ní May ọdún náà ó dín in kù sí ₦206.80. Kí a fi ₦200 ṣe ìṣirò nítorí ìrọ̀rùn. Kẹ́tùlù wáàtì 2,000 tí ó hó omi ní ìṣẹ́jú 6 lo ìdá kan nínú márùn-ún yúnìtì: ₦40. Fíríísà wáàtì 200, tí ẹ̀rọ rẹ̀ yí fún wákàtí 12 lápapọ̀ láàrin ọ̀sán àti òru, lo yúnìtì 2.4: ₦480. Àwọn ènìyàn a máa bẹ̀rù kẹ́tùlù nítorí wáàtì rẹ̀ pọ̀, wọn a sì gbàgbé fíríísà tí ń jẹun ní òru. Gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60 tí a tàn fún wákàtí 12 yóò gba ₦144. Gílóòbù tuntun oníwáàtì 9, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò kéré sí i, yóò gba ₦21.60.

Ọgbọ́n kan wà tí kò béèrè irinṣẹ́ kankan ju aago lọ. Lára ọ̀pọ̀ mítà, iná pupa kékeré kan wà tí ń ṣẹ́jú, a sì kọ 1000 imp/kWh tàbí nọ́ńbà mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 1000, ìṣẹ́jú kan iná náà dúró fún ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún yúnìtì. Kí onílé pa gbogbo nǹkan àfi ẹ̀rọ kan, kí ó ka iye ìgbà tí iná pupa náà ṣẹ́jú láàrin ìṣẹ́jú aago 6, kí ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Èsì rẹ̀ ni wáàtì ẹ̀rọ náà. Bí ó bá ka 20, wáàtì 200 ni. Bí ó bá ka 100, wáàtì 1,000 ni. Bí a bá kọ 2000 sí ara mítà, kí ó pín èsì náà sí méjì. Ẹni tí ó bá pa gbogbo nǹkan pátápátá, tí iná pupa náà ṣì ń ṣẹ́jú, mọ̀ pé wáyà kan wà tí ń gbé iná rẹ̀ lọ sí ibòmíràn; kí ó pe oníṣẹ́ iná.

Ó ku ara ènìyàn, nítorí pé ara pẹ̀lú ní ìdènà tirẹ̀. Bí ọwọ́ bá gbẹ dáadáa, ìdènà rẹ̀ lè tó óòmù 20,000. Bí a bá fi èyí pín 230, áńpíà tí yóò gba ara kọjá jẹ́ 0.0115. Yóò gbọn ènìyàn jìgìjìgì, ṣùgbọ́n ẹni náà lè yè é. Bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bá tutù, ìdènà lè já sí 1,000. Nígbà náà áńpíà di 0.23, bẹ́ẹ̀ áńpíà 0.05 tí ó bá gba àyà kọjá ti tó láti da ìlù ọkàn rú títí yóò fi pa ènìyàn. Fóltì kan náà ni, ilé kan náà ni. Omi ni ó ṣe ìyàtọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan Kòsọ́fẹ́ ju ọ̀pọ̀ ibòmíràn lọ, nítorí odò Ògùn. Ní October 2010, nígbà tí a tú omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀, omi wọ ilé ní Agiliti àti ní àwọn apá ibòmíràn ní Mile 12, ọ̀pọ̀ ìdílé sì sá kúrò. Nígbà tí omi bá ń bọ̀, kí a pa ẹ̀rọ ìpaná ńlá tí ó wà nídìí mítà kí omi tó dé ibi sọ́kẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ọwọ́ gbígbẹ àti bàtà lẹ́sẹ̀. Bí omi bá ti dé ibẹ̀ ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ inú rẹ̀ lọ pa á. Kí a ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ iná láti pa á láti ìta. Ẹ̀rọ kékeré kan sì wà tí oníṣẹ́ iná lè fi sí ìdí mítà, tí ń já iná fúnra rẹ̀ bí áńpíà 0.03 péré bá gba ọ̀nà tí kò yẹ lọ sínú ilẹ̀. Orúkọ tí a ń pè é lọ́jà ni RCD.

Ìbéèrè fún àwọn tí ó péjọ sí ilé ìkàwé: Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkòsí, áyọ́ọ̀nù wáàtì 1,200, fáànù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 60, tẹlifíṣọ̀n wáàtì 100 àti kẹ́tùlù wáàtì 2,000 ni ó wà lára ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kan tí fíúsì rẹ̀ jẹ́ áńpíà 13. Ǹjẹ́ a lè tan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà? Bí kò bá ṣeé ṣe, èwo ni kí a yọ?

Ìdáhùn: Gbogbo wáàtì náà jẹ́ 3,420. Bí a bá fi 230 pín in, áńpíà 14.9 ni, ó sì ju 13 lọ. Bí a bá yọ kẹ́tùlù, ó ku wáàtì 1,420, áńpíà 6.2. Kí a bọ kẹ́tùlù mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri fúnra rẹ̀, níbi tí yóò ti máa fa áńpíà 8.7.